Ibi Tí Orúkọ Dadi Yẹ Kó Wà

Sátidé, 11 Jánúárì

Darcy, tá a jọ ń ta gìtá, pè mí láàárọ̀ yìí kí n tó fọ ẹnu. Wọ́n ti gbà. Ilé iṣẹ́ àwo orin kékeré yẹn, tí wọ́n ti ń fi mí sí "ẹ máa dúró ná" láti ọdún tó kọjá, ní àwọn máa gbé àwo mi jáde. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń gbé gìtá kiri ilé ọtí Toronto. Àwọn tó fẹ́ràn orin kọ́ńtìrì ń sọ pé tèmi kì í ṣe kọ́ńtìrì, àwọn èèyàn wa sì ń bi mí pé kí ló kàn mí nínú orin àwọn adaran màlúù. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo dúpẹ́. Ìgbà yẹn ni Darcy tó sọ ìyókù. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo náà, ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ràn, òun ni wọ́n sì fẹ́ kó ṣíwájú. Bí kò bá sí i, kò sí àwo. A máa kọ ọ́ lójú èèyàn ní 22 Máàṣì nínú gbọ̀ngàn ọtí kan ní Dundas West ní Toronto, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Adébánjọ" ni orin ọ̀hún.

Dadi wà nísàlẹ̀ nígbà tí mo ń gba ìpè yẹn, wọ́n ń wo yìnyín láti ojú fèrèsé. Láti Nòfẹ́ńbà tí wọ́n ti dé láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wò ó, ó ṣì ń jọ wọ́n lójú. N kò sọ fún wọn pé orúkọ wọn ló ṣílẹ̀kùn yìí fún mi. Mo ní màá sọ ọ́ bó bá yá. Òtútù yìí kò sì jẹ́ kéèyàn ronú dáadáa.

Túsìdeè, 14 Jánúárì

Isu tún ti wọ́n sí i. Mo ra ìrẹsì.

Sọ́ńdè, 19 Jánúárì

Lẹ́yìn ìsìn, olórí àwọn akọrin tún dá mi dúró. Wọ́n béèrè ìgbà tí màá fi ohùn tí Ọlọ́run fún mi ṣe iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo ní mò ń bọ̀, mà. Ohun tí mò ń sọ láti ọdún mẹ́rin nìyẹn.

Nílé, a jẹ ìrẹsì tán, Dadi sì tan orin lórí fóònù wọn, àwọn kọ́ńtìrì àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé sórí rẹ́díò nílé wa ní Ìbàdàn ní gbogbo ọ̀sán Sọ́ńdè. Ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kó àrùn yìí. Mo jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn tèmi, kì í ṣe èyí tó ní orúkọ. Orin náà ń yí ìlù padà ní àárín ọ̀nà, kì í pa dà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀, gìtá Darcy sì ń sunkún lábẹ́ gìtá tí mo ta bíi ti àwọn olórin ilé wa. Dadi gbọ́ ọ délẹ̀. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn.

"Wùmí, orin rẹ dùn. Ṣùgbọ́n ó gbéra ní Ìbàdàn, Èkó ló ń lọ. Kí ló wá ń wá ní Ìlọrin?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Kò sí oníwèé ìròyìn kan nílùú yìí tó tíì sọ ohun tí mò ń ṣe tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ń pè é ní progressive. Ìlọrin ni bàbá mi pè é.

Ó yẹ kí n sọ̀rọ̀ orin tó ní orúkọ wọn fún wọn lójú ẹsẹ̀, nígbà tí inú wọn ń dùn. Mo kó abọ́ lọ fọ̀.

Sọ́ńdè, 26 Jánúárì

Ìfẹ́, ọmọ mi, ló tú u síta, kì í sì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni, ó ń gbọ́ mi nígbà tí mo bá ń kọrin nínú gáréèjì. Ọbẹ̀ ló ń gbé bọ̀ wá fún bàbá àgbà rẹ̀ lórí tábìlì, ó sì ń kọrin bọ̀ láti kíṣìnnì: "Adébánjọ, Adébánjọ, the line is clear."

Dadi gbé ṣíbí wọn sílẹ̀.

"Ta ni ọmọ yìí ń pè?"

"It's Mummy's song, Grandpa. It's you."

Jùwọ́n, ọkọ mi, tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀ bíi pé ẹnì kan kọ nǹkan síbẹ̀. Dadi jẹun tán, wọn kì í fi oúnjẹ sílẹ̀. Wọ́n fọwọ́, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n wá kọjú sí mi.

"Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi gbé pẹ̀lú ìyá rẹ. Bàbá Kúnmi ló ń pè mí títí tó fi kú. Kò fi ẹnu kan orúkọ yẹn rí. Ìwọ ń fi kọrin nínú ilé ọtí."

Mo ní, "Orin lásán ni, Dadi. Mo fi yín yangàn ni."

"Orin náà ni wọ́n fi ń bú èèyàn."

Wọ́n gòkè lọ. Ohun tó ń dùn mí ni pé kò sóhun tí wọ́n sọ tí n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí nọ́ọ̀sì bá béèrè orúkọ bàbá mi, mo máa ń fi "Pa" síwájú rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni orin yẹn fi wá bá mi, bí mo bá sì ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu mi kì í rántí kúnlẹ̀. Ọdún méjì ni mo fi ń kọ ọ́ kiri, n kò gbọ́ ara mi.

Mọ́ńdè, 27 Jánúárì

Bọ̀ọ̀dá Kúnmi, ẹ̀gbọ́n mi, wá gbé Dadi lọ sílé tiwọn ní Burlington. Báàgì kan ni ẹrù wọn. Wọ́n dé fìlà iṣẹ́ rélùwéè wọn, wọ́n gbàdúrà fún Ìfẹ́, wọ́n wá kí mi pé ó dàbọ̀ bí ẹni tó ń kí aládùúgbò. Ó sàn kí wọ́n bú mi.

Níbi mọ́tò, Bọ̀ọ̀dá Kúnmi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ sí mi. "Wùmí, kí ló le níbẹ̀? Just put John."

Mo ní John kò ṣiṣẹ́ ní rélùwéè Ìbàdàn.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

Ọkọ̀ ojú irin Milton, níbi tí à ń gbé, kì í rìn ní Sátidé, èèyàn sì ń kọ́lé síbẹ̀ lójoojúmọ́. Mo wakọ̀ dé Oakville, mo páàkì, mo wọ ti ibẹ̀ lọ sí Toronto. Mo dé yàrá abẹ́ ilé tí Darcy fi ṣe sítúdíò, ọwọ́ mi ti kú fún òtútù.

A gbìyànjú gbogbo ohun tó lè rọ́pò orúkọ náà. Papa. Old Man. Railway Man. Gbogbo wọn wọ ìlù, kò sí èyí tó dùn. Darcy gbé ọwọ́ kúrò lórí gìtá irin tó máa ń tẹ́ sórí itan rẹ̀, ó ní gbogbo ayé ló ní Papa, kò sẹ́ni tó ní èyí. Mo ṣàlàyé fún un pé ọmọ kì í pe orúkọ bàbá rẹ̀ nílé wa. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ní ó ti yé òun, ṣùgbọ́n ṣebí ọlá ni mo fi orin náà bù fún wọn? Láti kékeré ni òun ti ń pe bàbá tòun ní Bill, wọ́n sì fẹ́ràn ara wọn. N kò ní ẹjọ́ kankan pẹ̀lú Bill.

Ó ti sú mi. Ní Dundas West, mo jẹ́ Yorùbá jù. Ní tábìlì oúnjẹ mi, mo ti di òyìnbó. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti ń wá orin tí gbogbo ara mi máa wọ̀. Mo rí i, ó wá lé bàbá mi kúrò nílé.

Tọ́sìdeè, 13 Fẹ́búárì

Yìnyín. Mo kó o kúrò níwájú ilé, ó tún bọ́, mo tún kó o. A fagi lé ìgbaradì orin. Níbi iṣẹ́, tí mo ti ń ṣètò ọkọ̀ ẹrù, ọkọ̀ mẹ́fà ò lè jáde kúrò ní wíáháùsì, àwọn dírẹ́bà sì ń pè mí bíi pé èmi ni mo da yìnyín sílẹ̀. Jùwọ́n ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ní Oakville dé, ó jókòó sínú mọ́tò, ó bi mí láti ojú wíńdò bóyá kí òun náà máa pe bàbá mi ní John. N kò rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo wọlé.

Mọ́ńdè, 17 Fẹ́búárì

Ìjọba ní Family Day ni òní. Èmi àti Jùwọ́n lọ bẹ Dadi ní Burlington.

Jùwọ́n dọ̀bálẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì Bọ̀ọ̀dá Kúnmi, èmi kúnlẹ̀. Dadi ní ká dìde, àwọn ò bínú. Ẹni tí bàbá rẹ̀ bá ti sọ fún rí pé òun ò bínú mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn, nítorí náà n kò dìde. Wọ́n béèrè ilé ìwé Ìfẹ́. Wọ́n béèrè bóyá mo ti pààrọ̀ táyà. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n sọ orin náà fún wọn, kí n sọ ọ́ ní Yorùbá, àwọn fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa àwọn fún àwọn ọ̀mùtí.

N kò rò ó ní Yorùbá rí. Mo bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo ní, lọ́dún tí rélùwéè dáṣẹ́ dúró, gáàdì ọkọ̀ ojú irin kan kò dá tiẹ̀ dúró. Mo ní láràárọ̀ ló ń lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, tó ń dé fìlà, tó ń lọ jókòó ní stéṣọ̀n tí ọkọ̀ kankan kò ní dé. Mo ní ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé oúnjẹ lọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó sì bá a létí ojú irin tí koríko ti hù bò. Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fọn fèrè, ó fọ̀nà sílẹ̀ fún ọkọ̀ tí kò sí. Ọmọ náà sápamọ́ títí bàbá rẹ̀ fi ṣe tán, kí ojú má baà tì í.

Mo dé ibi ègbè. Mo la ẹnu mi. Orúkọ yẹn kò jáde. Èmi tí mo ti ń ké e láti Parkdale dé Hamilton, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ni ín, ẹnu mi kọ̀ jálẹ̀. Mo dákẹ́ ní ìwọ̀n ibi tí orúkọ náà gùn dé, mo bọ́ sí ìlà tó kàn: ojú irin ti mọ́.

Dadi ní, "Kí ló wà níbi tí o ti dákẹ́ yẹn?"

"Ẹ̀yin ni, Dadi."

Mo rò pé ó ti parí.

"Kì í ṣe fèrè ni mo fọn," ni wọ́n wí. "Wọ́n ti gba fèrè lọ́wọ́ wa nígbà yẹn. Àsíá ni mo jù. Àsíá aláwọ̀ ewé."

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò ní kí n máa kọ ọ́, wọn ò ní kí n má kọ ọ́, wọn ò sì bá wa pa dà sí Milton. Mo sunkún láti Burlington dé ilé, n kò mọ èyí tí mò ń sunkún sí nínú gbogbo rẹ̀.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Mo ti yí fèrè sí àsíá. Èyí tó jẹ́ orúkọ, mo sọ fún Darcy pé ká fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Kí ìlù dákẹ́, kí gìtá dákẹ́, kí èmi náà dákẹ́, ká wá jọ bọ́ sí ìlà tó kàn.

Nígbà àkọ́kọ́ tí a dán an wò, ẹni tó ń ta gìtá ńlá rò pé mo ti gbàgbé ọ̀rọ̀, ó sọ orúkọ náà sí mi lẹ́nu. Darcy bínú gan-an. Ó ní rẹ́díò kì í fẹ́ ohun tó ń dákẹ́, wọ́n á rò pé iná ti lọ. Ó ní ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rà lọ́wọ́ mi ni mo fẹ́ yọ kúrò yẹn. Mo ní wọn ò tíì rà á. Ó ní wọn ò ní rà á mọ́ náà nìyẹn. A kó gìtá wa sínú àpótí láìkí ara wa.

Wẹ́sìdeè, 5 Máàṣì

Ilé iṣẹ́ àwo ti dáhùn. Orúkọ, tàbí kò sí àwo. Gbọ̀ngàn ti gbà wá, àwọn èèyàn sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí náà a máa kọrin ní 22. Wọ́n máa gbà á sílẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohun tí mo bá ṣe.

Inú ń bí mi sí Dadi. Inú ń bí mi sí Darcy, tó dá mi lóhùn bí ọ̀rẹ́ tòótọ́, tó sì tọ̀nà. Inú ń bí mi sí orin mẹ́jọ tó kù, tí kò sí èyí tó lè gba ara rẹ̀ là nínú wọn. Bí mo bá ké orúkọ yẹn ní alẹ́ ẹyọ kan, mo ní àwo, Dadi á sì gbọ́ ọ nínú rẹ́díò mọ́tò Bọ̀ọ̀dá Kúnmi. Mo mọ bí ojú wọn á ṣe rí.

Sọ́ńdè, 9 Máàṣì

Wọ́n ti aago síwájú, a pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ̀ọ̀dá Kúnmi ní òun bi Dadi bóyá wọ́n máa wá ní 22, wọ́n sì ní àgbàlagbà kì í wọ ilé ọtí lọ gbọ́ orúkọ ara rẹ̀. Mo ní kí Bọ̀ọ̀dá sọ fún Dadi pé wọn ò ní gbọ́ ọ.

Sátidé, 15 Máàṣì

Darcy tẹ̀ mí láago. Ó ní òun ṣì rò pé ìwà òmùgọ̀ ni, ṣùgbọ́n òun máa gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn nígbà tí mo bá dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n má dúpẹ́.

Sọ́ńdè, 23 Máàṣì

Kí n kọ ọ́ kí n tó gbàgbé bó ṣe rí.

Gbọ̀ngàn náà kún dé ìdajì. A fi orin yẹn ṣe ìkẹyìn. Nígbà tí mo dákẹ́ níbi ègbè àkọ́kọ́, ọkùnrin kan níbi káńtà rẹ́rìn-ín, ó rò pé mo ti gbàgbé. Ìtìjú mú mi dé etí. Ní ègbè kejì, àwọn kan hó yèè láti fi gbà mí níyànjú, ìyẹn gan-an burú ju ẹ̀rín lọ. Mo rí ẹni ilé iṣẹ́ àwo tó ń wo fóònù rẹ̀.

Mo wá rí fìlà kan lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Bọ̀ọ̀dá Kúnmi dúró síbẹ̀, Dadi dúró tì wọ́n nínú kóòtù, wọn ò fẹ́ jókòó. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ tòun ti gìtá. Darcy wò mí bíi pé mo fẹ́ ṣubú. Mo di gìtá mú, mo kọ ẹsẹ ìkẹyìn. Mo kọ stéṣọ̀n, mo kọ koríko, mo kọ aago ọwọ́, mo kọ àsíá aláwọ̀ ewé. Mo dé ibẹ̀, mo pa ẹnu mi dé. Darcy gbọ́wọ́ kúrò lórí okùn.

"Adébánjọ."

Ẹ̀yìn ló ti wá. Dadi ò kọ ọ́ lórin, wọ́n pè é ni, bí wọ́n ṣe máa ń pe Omi-Àdìó àti Abẹ́òkúta fún àwọn èrò ọkọ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, pẹ̀lú ohùn tí kò bẹ ẹnikẹ́ni kó gbọ́. Gbogbo orí yí sẹ́yìn. Dadi kò wo ẹnì kankan, èmi ni wọ́n ń wò, wọ́n ń dúró kí n ṣe iṣẹ́ mi. Mo ní ojú irin ti mọ́. N kò mọ bí mo ṣe parí ìyókù.

Nígbà tí mo jáde, wọ́n ti wà nínú mọ́tò, wọn ò fẹ́ kí ará Milton kankan rí wọn níwájú ilé ọtí. Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín ẹlẹ́rẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde kí òtútù má baà mú mi.

"Orin yẹn," ni wọ́n wí, "ó ṣì gba Ìlọrin kọjá."

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì

Òjò dídì láti àná, gbogbo igi ń ṣẹ́. Ilé iṣẹ́ àwo ti kọ̀wé. Wọ́n ní ohùn tó ti ẹ̀yìn wá yẹn ò mọ́ tó, àwọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ta ègbè tí akọrin fúnra rẹ̀ kì í kọ. Wọ́n kí mi pé mo ṣe dáadáa. Darcy ní ká gbé e jáde fúnra wa. N kò mọ ohun tí a fẹ́ fi gbé e. Ọdún mẹ́sàn-án, mo tún ti pa dà sí ẹnu ọ̀nà. Inú mi ò dùn, n kò ní purọ́ fún ìwé yìí.

Dadi ti pa dà sọ́dọ̀ wa láti Fúráìdeè. Fìlà wọn wà lórí ìkọ́. Oṣù Karùn-ún ni físà wọn máa parí, Bọ̀ọ̀dá Kúnmi sì ti ń wá tíkẹ́ẹ̀tì tí kò wọ́n. Mo bi wọ́n pé kí ni kí n máa ṣe níbi tí orin ti dákẹ́ bí wọ́n bá ti lọ. Wọ́n ní kí n dákẹ́.

Lọ́sàn-án, a jẹ ìrẹsì. Ìfẹ́ ń gbé ọbẹ̀ bọ̀ láti kíṣìnnì, ó ń kọrin. Ó kọ ti aago ọwọ́, ó kọ ti àsíá. Bó ṣe dé ibẹ̀, ó dúró gbagidi láàárín ilé pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́, ó dákẹ́, ó ń wo bàbá àgbà rẹ̀. Jùwọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

Dadi ń jẹ ẹran. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n mu omi, wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà dúró dáadáa.

"Adébánjọ," ni wọ́n wí. "Ó yá, gbé ọbẹ̀ mi wá."